Ẹ Mú Ọ̀kan Kúrò: Ìtàn Ìṣirò Àìmọ̀ Méjì, láti Ṣáínà títí dé Yaba

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ọjà Ojúwòyè ní Mùṣín ná, kí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lè rí ibi fìdí lé. Ọdún 1977 ni. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta gàrí àti ẹ̀wà níbẹ̀, èmi sì máa ń lọ ràn án lọ́wọ́ bí ilé-ìwé bá ti parí. Kò ka ìwé kankan, kò mọ A yàtọ̀ sí B, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fi kọ́bọ̀ kan rẹ́ ẹ jẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, obìnrin kan tó ń se oúnjẹ tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì wá san gbèsè. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti rán ọmọ wá ra ọjà àwìn lọ́sẹ̀ yẹn. Ní ìgbà àkọ́kọ́, kóńgò gàrí mẹ́ta àti kóńgò ẹ̀wà méjì, ṣílè mẹ́rìndínlógún. Ní ìgbà kejì, kóńgò gàrí méjì àti kóńgò ẹ̀wà mẹ́ta, ṣílè mọ́kàndínlógún. Obìnrin náà ní òun ò jiyàn gbèsè o, òun kàn fẹ́ mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò kọ̀ọ̀kan ni, torí ó ń ṣe òun bí ẹni pé wọ́n ti fi owó lé e. Ọmọ tó wọn ọjà náà ti lọ sí Agége, kò sí ẹni tó rántí iye tó pè é. Èmi akẹ́kọ̀ọ́ fọ́ọ̀mù tíírì bá yọ bírò. Mo ti kọ “Let x be” tán, mo ń ronú ohun tí y máa jẹ́, ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá la ẹnu:

“Ẹ pa méjèèjì pọ̀. Gàrí márùn-ún, ẹ̀wà márùn-ún, ṣílè márùndínlógójì. Gàrí kan ẹ̀wà kan, ṣílè méje nìyẹn. Ẹ wá mú gàrí méjì ẹ̀wà méjì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, ṣílè mẹ́rìnlá ti lọ. Kí ló kù? Gàrí kan, ṣílè méjì. Ẹ̀wà wá jẹ́ ṣílè márùn-ún. Àbí irọ́ ni mo pa?”

“Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun.” Obìnrin náà sanwó, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo ká ìwé mi kò.

Kí àwọn ọmọ ìsinsìnyí má bàa rò pé mo ti ṣi ọdún mú, náírà ti gba ipò pọ́n-ùn láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́jà kò fi ṣílè sílẹ̀. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ni wọ́n ń pè ní ṣílè kan. Iye owó tí mo sì kọ yìí, mo tún un ṣe díẹ̀ kí ó lè rọrùn láti kà. Ọgbọ́n tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi dá ni n kò tún ṣe.

Ohun tí wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì nìyí. A ní àìmọ̀ méjì, iye gàrí àti iye ẹ̀wà. A ní ìdọ́gba méjì, èyí tí obìnrin náà rà ní ìgbà àkọ́kọ́ àti èyí tó rà ní ìgbà kejì. Bí a bá sọ ti àkọ́kọ́ di ìlọ́po méjì, yóò jẹ́ gàrí 6, ẹ̀wà 4, ṣílè 32. Bí a bá sọ ti ìkejì di ìlọ́po mẹ́ta, yóò jẹ́ gàrí 6, ẹ̀wà 9, ṣílè 57. Gàrí ti dọ́gba ní apá méjèèjì. Ẹ yọ ti òkè kúrò nínú ti ìsàlẹ̀: gàrí pa gàrí rẹ́, ó ku ẹ̀wà 5 ní ṣílè 25. Ẹ̀wà kan, ṣílè 5. Nígbà tí ẹ ti mọ ti ẹ̀wà, ẹ padà sí ti àkọ́kọ́, gàrí yóò fara hàn fúnra rẹ̀. Elimination ni tíṣà wa ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé kí á mú àìmọ̀ kan kúrò lójú ọ̀nà kí ìkejì lè ríbi jáde. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi gba ọ̀nà àbùjá, torí ó rí i pé mẹ́ta-méjì àti méjì-mẹ́ta ṣe déédéé ara wọn, ṣùgbọ́n ohun kan náà ló ṣe: ó pa wọ́n pọ̀, ó yọ wọ́n kúrò, títí ó fi ku ẹyọ kan.

Ta ló wá kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀? Ìwé kan wà ní Ṣáínà tí a lè pe orúkọ rẹ̀ ní Orí Mẹ́sàn-án Lórí Ọgbọ́n Ìṣirò. Ó ti tó nǹkan bí ẹgbàá ọdún tí wọ́n ti ṣà á jọ, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Liu Hui sì kọ àlàyé sí i ní ọdún 263. Orí kẹjọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló dá lé. Ìṣirò àkọ́kọ́ níbẹ̀ jẹ́ ti ìdì ọkà oríṣi mẹ́ta: èyí tó dára, èyí tó dára díẹ̀, àti èyí tí kò dára. Ìdì mẹ́ta ti àkọ́kọ́, méjì ti ìkejì àti ẹyọ kan ti ìkẹta jẹ́ òṣùwọ̀n 39. Méjì, mẹ́ta àti ẹyọ kan jẹ́ 34. Ẹyọ kan, méjì àti mẹ́ta jẹ́ 26. Ẹ wo bó ti fara jọ ti olóúnjẹ wa! Àìmọ̀ mẹ́ta ni tiwọn, ìdáhùn rẹ̀ sì jẹ́ 9¼, 4¼ àti 2¾. Ẹni tí kò bá gbà kí ó mú bírò.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló dùn mọ́ mi jù. Wọn kì í kọ x, wọn kì í kọ y. Wọ́n ń to igi tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ sórí pákó, ìlà kan fún ìdọ́gba kọ̀ọ̀kan, ipò kọ̀ọ̀kan sì ni ti oríṣi ọkà kan. Liu Hui ní igi pupa fún iye tí a ní, igi dúdú fún iye tí a jẹ. Orúkọ ọkà kò sí lórí pákó rárá, òǹkà nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí òun ló ń bọ̀ wá dá wàhálà sílẹ̀ fún wa ní Sùúrùlérè.

Àwọn òyìnbó pẹ́ kí wọ́n tó jí sí i. Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, Isaac Newton ṣàkíyèsí pé àwọn ìwé álíjẹ́bírà ìgbà rẹ̀ kò kọ́ ènìyàn bí a ti ń tú ìdọ́gba tó ju ẹyọ kan lọ pọ̀, òun ló sì kọ ọ́ sínú ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ ní Cambridge. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1707. Lẹ́yìn náà ni Carl Friedrich Gauss dé, ará Jámánì, ẹni tí wọ́n wá fi orúkọ rẹ̀ pe ọ̀nà náà. Òkúta ńlá kan wà lójú ọ̀run tó ń yí oòrùn ká, Pallas ni wọ́n ń pè é. Gauss fẹ́ mọ ọ̀nà tó ń gbà, ó sì wá bá àìmọ̀ mẹ́fà pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ ní 1810 fi bí ó ti ń mú wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan hàn, pẹ̀lú àmì kúkurú tí kò jẹ́ kó fi ìwé ṣòfò. Àwọn awọnlẹ̀ gba ọ̀nà náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí ẹni tó ń wọn ilẹ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ àìmọ̀ púpọ̀. Nígbà tó sì di 1949, Wassily Leontief ní Harvard fẹ́ ṣírò bí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ṣe so kọ́ra. Ó gbé ìdọ́gba 42 tó ní àìmọ̀ 42 fún ẹ̀rọ Mark II, ẹ̀rọ náà sì fi wákàtí 56 ṣe é. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1973.

Ó yẹ kí n dá ọ̀rọ̀ kan mọ́ ẹnu ara mi níbí. Àwọn kan wà tí wọn yóò ní àwọn baba wa ti mọ gbogbo èyí kí òyìnbó tó dé. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. N kò rí ẹ̀rí pé ẹnikẹ́ni nílẹ̀ Yorùbá jókòó tú ìdọ́gba mẹ́ta pọ̀ láyé àtijọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyọkúrò wà nínú egungun èdè wa. Ẹ tún iye tí olóúnjẹ yẹn san kà: mẹ́rìndínlógún, ogún ó dín mẹ́rin, mọ́kàndínlógún, ogún ó dín kan, márùndínlógójì, ogójì ó dín márùn-ún. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a lè pè láìyọ nǹkan kúrò. Àádọ́ta fúnra rẹ̀, ọgọ́ta ó dín mẹ́wàá ni. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹgbẹ̀ta ó dín ọgọ́rùn-ún ni. Owó ẹyọ ló kọ́ wa. Ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Míṣọ́nnárì kan tó ń jẹ́ Adolphus Mann kọ nípa bí wọ́n ti ń kà á, wọ́n sì tẹ ohun tó kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1887. Ó ya àwọn tó kà á lẹ́nu. Ọmọ tó bá ti ń yọ nǹkan kúrò láti ọjọ́ tó ti ń kà á ní ení, èjì, kò yẹ kí ìṣirò elimination jẹ́ àlejò lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa, a sì gbà pé ọ̀kan kò kan èkejì.

Yaba ni ìṣirò gíga ti kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Ní 1932 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ wọ Yaba Higher College, wọ́n sì ṣí i tìlù-tìfọn ní oṣù kìíní 1934. E. R. J. Hussey, olórí ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, ló dá a sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn o. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń gbà níbẹ̀ kò tó ti yunifásítì, igbákejì dókítà àti igbákejì ẹnjiníà ni wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe lábẹ́ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára ohun tó bí Lagos Youth Movement ní 1934, ẹgbẹ́ tó wá di Nigerian Youth Movement. Chike Obi gba ibẹ̀ kọjá. Ó jókòó kàwé fún oyè Lọ́ńdọ̀nù láti ilé, ó wá lọ sí Cambridge, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò, ní 1950. Ó tún padà sí àdúgbò náà nígbẹ̀yìn, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà. Ní 1948, wọ́n ti kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yaba Higher College lọ sí Ìbàdàn láti fi bẹ̀rẹ̀ University College. Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ ni Yaba College of Technology wà lónìí.

Ẹni tí ìtàn yìí kò lè ṣe láìdárúkọ rẹ̀ ni Grace Alele-Williams. Wọ́n bí i ní Warri ní 1932, ó ka ìwé ní Queen's College àti ní Ìbàdàn, ó kọ́ ìṣirò ní Queen's School ní Ẹdẹ láti 1954 sí 1957, ó sì lọ sí Amẹ́ríkà. Ní 1963 ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Chicago, obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Láti 1965 ni ó ti wà ní Yunifásítì Èkó, ogún ọdún gbáko, kí ó tó lọ di gíwá Yunifásítì Benin ní 1985, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ gíwá yunifásítì ní Nàìjíríà. Ó kú ní oṣù kẹta 2022.

Iṣẹ́ tó kan wa jù nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ti Modern Maths. Ní 1962, àwọn olùkọ́ láti ilẹ̀ Áfíríkà, Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdé ní Entebbe, ní Yùgáńdà, létí adágún Victoria, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìṣirò tuntun fún àwọn ọmọ Áfíríkà. Ọdọọdún ni wọ́n ń pàdé. Alele-Williams dara pọ̀ mọ́ wọn, òun ló sì jẹ́ òpómúléró ètò náà ní Èkó, tí wọ́n fi ń dán ìwé yẹn wò ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Dípò kí ọmọ há tébù sórí bí ẹni ń ké ewì, wọ́n fẹ́ kó mọ ìdí rẹ̀. Àkójọ nǹkan ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní set. Wọ́n ń kọ́ wọn láti fi márùn-ún tàbí méjì kà dípò mẹ́wàá. (Ẹ̀rín máa ń pa mí bí mo bá rántí. Ọmọ Yorùbá tó ń fi ogún kà nílé, òun ni wọ́n ń ṣàlàyé fún pé ènìyàn lè fi nǹkan mìíràn kà yàtọ̀ sí mẹ́wàá!) Ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìwé SMP láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Joint Schools Project láti Gánà gbé ìṣirò tuntun ti àwọn náà dé. Ibẹ̀ ni èmi ti bá matrix pàdé.

Matrix kò ju èyí lọ: ẹ kọ òǹkà, ẹ fi orúkọ sílẹ̀. Ọjà olóúnjẹ yẹn yóò di

3   2   16
2   3   19

kò tán? Ìlà kan fún ọjọ́ kan, ipò àkọ́kọ́ fún gàrí, ìkejì fún ẹ̀wà, ìkẹta fún owó. Ẹ wá ń fi ìlà yọ ìlà kúrò. Pákó àwọn ará Ṣáínà nìyẹn, tí a fi tádà àti ìwé rọ́pò igi pupa àti dúdú! Elimination tí wọ́n ń kọ́ nínú ìwé àtijọ́ àti matrix tó wà nínú ìwé ìgbàlódé, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wa. Bóyá àwọn tíṣà wa náà kò mọ̀. Ìwé tuntun náà dé bá wọn gẹ́gẹ́ bó ti dé bá wa ni.

Ariwo wá pọ̀. Bàbá ọmọ yóò ṣí ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, kò ní mọ ibi tí yóò ti mú un. Àwọn òbí ń ṣàròyé pé ọmọ mọ set, kò mọ ṣéńjì. Ní oṣù kẹsàn-án 1976, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pè ní UPE, àwọn ọmọ ya wọ ilé-ìwé bí omi òjò, tíṣà kò sì tó. Ta ni yóò wá ráyè kọ́ tíṣà tuntun ní ìṣirò tuntun? Ní oṣù kìíní 1977, nígbà tí gbogbo Èkó ń mira fún FESTAC, níbi ìpàdé kan ní Benin, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́, kéde pé kí wọ́n fòpin sí Modern Maths ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama jákèjádò Nàìjíríà. Dókítà oníṣègùn ni Ali fúnra rẹ̀. Òun náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì fi orúkọ rẹ̀ ké “Ali Must Go” ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí owó oúnjẹ òòjọ́ wọn fò láti kọ́bọ̀ 50 sí náírà kan àti kọ́bọ̀ 50.

Èrò tèmi rè é, kí ẹni tí kò bá gbà bínú díẹ̀. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ètò náà kì í ṣe irọ́. Ìwé tí tíṣà kò yé, akẹ́kọ̀ọ́ kò lè yé e. Ṣùgbọ́n bí oògùn bá le jù, wọ́n máa ń dín in kù ni, wọn kì í da ìkòkò nù láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìṣirò kò ní ti òní tàbí ti àná. Èyí tí wọ́n lé jáde pé ó jẹ́ tuntun ti tó ẹgbàá ọdún, èyí tí wọ́n dá padà pé ó jẹ́ ti baba wa, òun náà ni.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ tiwa ní Sùúrùlérè, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tíṣà wọlé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó ní ká pa ìwé aláwọ̀ ewé yẹn dé, ká má ṣí i mọ́. Òbí wa ti ra á. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan a kò ní ìwé kankan. Nígbà tí ìwé mìíràn dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí tí àwọn tí wọ́n wà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti dé, bí ẹni pé a ti ka èyí tó ṣáájú. Ọ̀rẹ́ tí a jọ ń jókòó mọ́ matrix bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó máa kọ x àti y ní ìlà gígùn, ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń bi òun. Mo wò ó níran. Kò sẹ́ni tó fi ìlà méjì yẹn hàn án, kó rí i pé ohun tó mọ̀ ni. Ó fìdí rẹmi nínú ìṣirò ní WASC 1979, ó tún jókòó, ó tún fìdí rẹmi. Kò sí máàkì ìṣirò, kò sí Yaba Tech. Ó lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Ìdí-Òrò. Ọwọ́ rẹ̀ dára lórí ẹ́ńjìnnì, ó kọ́lé, ó bímọ, ṣùgbọ́n títí di òní, bí ọmọ rẹ̀ bá gbé iṣẹ́ ìṣirò dé, yóò dìde kúrò ní pálọ̀.

Ní gbogbo àkókò tí èyí ń ṣẹlẹ̀, wọ́n ń ṣe ohun mìíràn ní Ifẹ̀. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ọmọ Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò pẹ̀lú. Ilé-ẹ̀kọ́ St Stephen's ‘A’ ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò pẹ̀lú àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn ọmọ náà kò kẹ́yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ètò náà, kò dé ibi àìmọ̀ méjì. Ó máa ń wù mí pé kó ti dé bẹ̀.

Nígbà tí ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀ ní 1982, wọ́n fi ìdọ́gba méjì yẹn sínú ìṣirò gbogbo ọmọ, matrix sì gba ẹ̀yìnkùlé wọlé padà sínú Further Mathematics fún àwọn díẹ̀ tó bá yàn án. Ọmọ mi obìnrin ṣe é. Ní ọjọ́ kan tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, tó ti to òǹkà mẹ́sàn-án àti ìdáhùn wọn sílẹ̀, mo mú un lọ kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti darúgbó, tí kò lọ sọ́jà mọ́. Mo ka ìṣirò ìdì ọkà ti Ṣáínà yẹn fún un, mo ní kó fi gàrí, ẹ̀wà àti ẹ̀lùbọ́ rọ́pò ọkà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀.

“Èyí ní ìdá nínú,” ó ní. “Ta ló ń ta kóńgò kan ní ìdá? Lọ mú bírò rẹ wá, ìwọ ọmọ yìí, kí o máa kọ bí mo ti ń yọ ọ́.”

Ọmọ mi kọ ọ́. Nígbà tí wọ́n mú gàrí kúrò, ó ku ẹ̀wà àti ẹ̀lùbọ́. Nígbà tí wọ́n mú ẹ̀wà kúrò, ó ku ẹ̀lùbọ́ mẹ́rin ní òṣùwọ̀n mọ́kànlá. Ìdá ló bá yọ lóòótọ́, méjì àti mẹ́ta nínú mẹ́rin.